Àwẹ̀ró àti Ọ̀fìn Amọ̀

Ní ìlú Òkè-Amọ̀, agboolé kan wà tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń mọ ìkòkò. Àmù tí gbogbo agbègbè náà ń pọn omi sí, ìkòkò ọbẹ̀ àti ìkòkò àgbo, ọwọ́ wọn ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Ẹfúnwùnmí ni àgbà láàárín wọn. Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Àwẹ̀ró, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ń lọ sí ogún ọdún nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Kí n tó máa bá ìtàn lọ, ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun méjì, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n kò ní mọ ohun tó ń ba Àwẹ̀ró lẹ́rù.

Àkọ́kọ́ ni ibi tí amọ̀ ti ń wá. Ọ̀fìn kan wà lẹ́yìn ìlú tí àwọn ìyá ńlá Ẹfúnwùnmí gbẹ́. Ó jìn tó ènìyàn mẹ́ta tí wọ́n gun èjìká ara wọn, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ tó yàrá ńlá kan. Amọ̀ dúdú tí iná kì í tètè là, ìsàlẹ̀ ọ̀fìn yìí nìkan ló wà. Kò sí àkàbà níbẹ̀. Ihò ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n gbẹ́ sára ògiri rẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òmíràn nínú àwọn ihò yìí dúró ṣinṣin, òmíràn sì ti fọ́ lẹ́nu. Ẹni tí kò bá fi ẹsẹ̀ mọ̀ wọ́n láti ìgbà èwe, ìsàlẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹbí Ẹfúnwùnmí nìkan ló ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn obìnrin tó kù a dúró lókè, wọn a máa fi okùn fa apẹ̀rẹ̀ amọ̀. Ọkùnrin kì í dé ibẹ̀ rárá. Èèwọ̀ ni.

Ohun kejì ni bí wọ́n ṣe ń yẹ ìkòkò wò. Bí ìkòkò bá ti inú iná jáde tó sì ti tutù, ẹni tó mọ ọ́n a gbé ẹnu sí ẹnu rẹ̀, a sì pe orúkọ ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Bí ara ìkòkò bá pé, orúkọ náà a padà wá ní kíkún. Bí ó bá ní ibi tó là, bó ti wù kó kéré tó, ohùn tó máa padà wá a ha bí ohùn ẹni tí òtútù mú. Ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ ara ẹni ni wọ́n ń pè. Wọn kì í sọ ohun mìíràn sínú ìkòkò. Kò sí ẹni tó rántí ìdí rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń pa á mọ́.

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Àwẹ̀ró.

Lọ́dún tí ó kọ́kọ́ mọ àmù ńlá, gbogbo agboolé ló jáde wá wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n sun ún. Iná ń jó lọ́wọ́, ni àmù náà bá dún pàá, ó là sí méjì. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Pópóọlá, ẹlẹ́nu mímú tí kò lè rí àwàdà kó fi í sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ dá a lóhùn o, àmù Àwẹ̀ró ń kí wa." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná, olúkúlùkù ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, àfi Àwẹ̀ró nìkan.

Láti ìgbà náà, bí ó bá gbé ẹnu sí ìkòkò, kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ló ń sọ síbẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó máa ń ní, "O ti là, àbí?" Nígbà mìíràn á ní, "Ọwọ́ yìí kò lè mọ ohun gidi." Ó rò pé bí òun bá tètè fi ẹnu ara òun sọ ọ́, kò ní dun òun mọ́ lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ro irú èrò bẹ́ẹ̀ rí. Ìkòkò a sì dá ọ̀rọ̀ náà padà fún un, gẹ́gẹ́ bí ìkòkò ti ń ṣe. Títí di ibí yìí, kò tíì sí ohun ìyanu kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ohun ìyanu bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sórí ìkòkò ọbẹ̀ kan láti nu eruku inú rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé. Láti inú ìkòkò náà ni ohùn kan ti wá, ó ní, "Ọwọ́ yìí kò lè mọ ohun gidi."

Ó yára wo ẹ̀yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Adìyẹ kan ń jẹ̀ lẹ́bàá ògiri, kò tilẹ̀ gbé orí sókè. Bí ó bá jẹ́ ohùn àjèjì ni, ìbá sá jáde, ìbá pariwo. Ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ gan-an ni, bó ṣe ń fa ìparí ọ̀rọ̀, bó ṣe ń mí láàárín gbólóhùn. Báwo ni ènìyàn ṣe ń sá fún ohùn ara rẹ̀?

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó gbọ́ ọ nínú àmù omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ọ nínú odó, àti nínú igbá ẹ̀kọ tó fẹ́ gbé sẹ́nu. Ohùn náà kì í pariwo. Ńṣe ló máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ọ̀rẹ́ bá ń gba ni nímọ̀ràn. Ó máa ń sọ fún un pé àwọn obìnrin yòókù ń fi ojú àánú wò ó. Ó máa ń sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ìbá ti bí ọmọ mìíràn tó dára jù ú lọ.

Ẹfúnwùnmí ti inú igbó tó ti lọ ṣẹ́ igi ìdáná dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì bá gbogbo ohun èlò ilé ní ìdojúdé. Ìkòkò, igbá, àwo, gbogbo wọn ló dojú kọ ilẹ̀. Odó pàápàá, Àwẹ̀ró ti fi ẹní bò ó lẹ́nu, ó sì gbé òkúta lé ẹní náà. Ìyá dúró láàárín ilé títí, ẹrù igi ṣì wà lórí rẹ̀. Ó béèrè pé ta ló kú.

Àwẹ̀ró jókòó, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ohun kan pamọ́. Ìyá rẹ̀ kò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó gbà á níyànjú pé bí ohùn náà bá tún sọ̀rọ̀, kó sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Àwẹ̀ró gbìyànjú rẹ̀. Gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló fi bá àmù kan jiyàn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń jiyàn tó ni ohùn náà ń sanra tó, bí ẹran ọ̀sìn tí a ń fún lóúnjẹ. Bí ó bá ka ìkòkò márùn-ún tó mọ dáadáa, ohùn náà a ka mẹ́wàá tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́, ó tún da àmù náà dé.

Báyìí ni ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń parí lọ. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Amọ̀, omi a kún inú ọ̀fìn títí di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Amọ̀ tí wọn kò bá tíì wa kí òjò tó dé, ó di àmọ́dún. Agboolé náà kò ní iṣẹ́ mìíràn. Orúnkún Ẹfúnwùnmí ti wú láti ọdún tó kọjá, kò sì ṣeé tẹ̀ dáadáa mọ́. Àwẹ̀ró ló kàn láti sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń bá ìyá rẹ̀ wọ ọ̀fìn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì mọ ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún bí ahọ́n ṣe mọ eyín.

Ó lọ sí etí ọ̀fìn lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀, ọ̀fìn ni ihò tó jìn ju gbogbo ihò lọ. Ohùn inú ìkòkò kéré. Èyí tó ń ti inú ọ̀fìn gòkè bọ̀ nípọn, ó sì tutù, ó ń rọra yọ bí èéfín tó ń jáde lára koríko tútù. "O ó ṣubú. O mọ̀ pé o ó ṣubú." Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni Àwẹ̀ró fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, tó yí padà sílé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òfìfo. Àwọn obìnrin kò bá a wí. Ìyá Pópóọlá nìkan ló ní bí ẹ̀rù bá ń bà á, kí wọ́n so okùn mọ́ ọn bí ewúrẹ́ ọdún, kí wọ́n rọra sọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Àwẹ̀ró kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, àwọsánmà ti ń kóra jọ ní ìlà-oòrùn. Ẹfúnwùnmí di gèlè rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó mú ọkọ́, ó ní òun fúnra òun ló ń lọ. Àwẹ̀ró bẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ ní òjò kì í dúró de orúnkún.

Ó sọ̀ kalẹ̀ láìsí ìṣòro púpọ̀. Ní ẹsẹ̀ ògiri ìlà-oòrùn ló ti ń wa amọ̀, níbi tó dára jù. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́jọ gòkè. Nígbà tí oòrùn ti yẹ̀ dáadáa kúrò lórí àtàrí, àwọn obìnrin gbọ́ ìró kan tó rọ̀, bí ìgbà tí ẹni tó sanra bá jókòó sórí ẹní. Ara ògiri ti ya, ó sì ti wó.

Ìyá Pópóọlá pe orúkọ Ẹfúnwùnmí.

"Mo wà," ni ìdáhùn tó ti ìsàlẹ̀ wá. "Ẹsẹ̀ mi ni n kò mọ ibi tó wà."

Amọ̀ ti bò ó dé itan. Bí ẹ bá ti ki ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀ odò rí, ẹ ó mọ bí amọ̀ ṣe ń di ènìyàn mú. Wọ́n ju okùn sí i, ó so ó mọ́ abẹ́ apá, wọ́n fà á. Igbe tó ké mú kí wọ́n tètè dáwọ́ dúró. Okùn lè fa ara gòkè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò ní tẹ̀ lé e. Àfi kí ẹnìkan wà níbẹ̀, kó fi ọwọ́ hú u jáde. Okùn kan ṣoṣo tí wọ́n ní sì ti wà lára Ẹfúnwùnmí. Omi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sun láti ibi tí ògiri ti ya. Ẹfúnwùnmí ní ó ti tó òun ní ìbàdí.

Gbogbo ojú yí sí Àwẹ̀ró. Ó ti dúró ní etí ìwọ̀-oòrùn, lókè ihò ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn náà ti ń dúró dè é.

"O ó ṣubú. Orí ìyá rẹ lo máa já lé. Ìwọ lo máa pa á."

Ó fà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan.

"Má gbé e lọ," ni Ẹfúnwùnmí wí láti ìsàlẹ̀.

Àwẹ̀ró béèrè pé kí ni òun gbé.

"Òjìji rẹ. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí láti ìgbà tí o ti dúró síbẹ̀ yẹn. Nísinsìnyí lo fà á kúrò. Dá a padà fún mi."

Àwẹ̀ró tún bọ́ síwájú, ó sì wo ìsàlẹ̀. Lóòótọ́ ni. Àwòrán orí àti èjìká rẹ̀ nà sórí ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀fìn, ó dúdú, ó dákẹ́, orí rẹ̀ kan apá ìyá rẹ̀. Omi ti ń gba orí rẹ̀ kọjá, kò sì yẹ̀.

"Òjìji lásán ni, ìyá mi," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ̀rù kì í ba òjìji. Kò ní ẹsẹ̀ tó lè yọ̀."

"Ẹsẹ̀ ta ló so mọ́?"

Àwẹ̀ró wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ tòun ni.

"Ó dáa. Ohùn tó ń bá ọ sọ̀rọ̀, ara rẹ ló ti jáde. Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi níbí náà, ara rẹ ló ti jáde. Ọ̀kan ń bẹ̀rù, èkejì kò bẹ̀rù. Èmi kò lè yàn fún ọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n omi yìí tutù o."

Àwẹ̀ró kò bá ohùn náà jiyàn. Ó jẹ́ kó máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀fìn, ó sì na ẹsẹ̀ ọ̀tún sísàlẹ̀ títí ọmọ ìka rẹ̀ fi rí ihò kìíní.

"O ó ṣubú," ni ohùn náà wí.

Ihò kejì. Ihò kẹta, tó ti fọ́ lápá òsì. "O ó ṣubú." Ìkarùn-ún. Ní ìkeje ni àwọsánmà bo oòrùn, tí gbogbo inú ọ̀fìn ṣókùnkùn lójijì, tí òtútù sì gbá a lẹ́yìn. Ó wo ìsàlẹ̀ láti abẹ́ apá rẹ̀. Òjìji náà kò sí mọ́. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ti di omi dúdú. Ó lẹ̀ mọ́ ògiri, ó ń gbọ́ bí ọkàn ara rẹ̀ ṣe ń lù mọ́ amọ̀. Kò sí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ mọ́. Òkùnkùn ń bẹ lókè, òkùnkùn ń bẹ nísàlẹ̀, òun nìkan ló wà láàárín. Ó dúró síbẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí a fi ń gbé omi mì. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wá ihò kẹjọ lọ, ó sì rí i.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan omi, ohùn náà ṣì ń sọ ọ́: "O ó ṣubú, o ó ṣubú." Àwẹ̀ró dúró ṣinṣin nínú ẹrẹ̀, ó sì fetí sílẹ̀. Nǹkan kan ti yàtọ̀. Ìsàlẹ̀ tí ènìyàn lè ṣubú sí ló dúró sí yìí. Kò sí ìsàlẹ̀ mìíràn mọ́. Ohùn náà kò sì wá láti inú ọ̀fìn mọ́. Òkè ló ti ń wá, láti etí ibi tó ti kúrò, ó ń ké bí ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ létí odò tí kò mọ ìwẹ̀. Kò lè sọ̀ kalẹ̀.

Ó yí sí ìyá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọwọ́ yẹn kan náà tí wọ́n ti sọ fún un pé kò lè mọ ohun gidi, òun ló ki bọ inú amọ̀. Ó mọ ibi tí amọ̀ ti nípọn àti ibi tí omi ti rọ̀ ọ́. Ó ń bu, ó ń dà á sẹ́yìn, ó ń bu. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ́kọ́ jáde. Omi ti dé àyà Ẹfúnwùnmí nígbà tí èkejì fi tú, pẹ̀lú ìró ńlá bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìdérí agbè. Wọ́n fa okùn. Ìyá gòkè. Àwẹ̀ró fi ihò ẹsẹ̀ gòkè tẹ̀ lé e, òjò àkọ́kọ́ sì ti ń kán sí i lórí kó tó dé òkè.

Wọ́n tẹ́ Ẹfúnwùnmí sábẹ́ igi, wọ́n ń fi aṣọ nù ún. Ìyá Pópóọlá kò bá wọn nù ún. Ó di okùn mú síbẹ̀ lẹ́bàá ihò ẹsẹ̀, níbi tó ti dúró láti ìgbà tí Àwẹ̀ró ti sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti yí padà. Ó rọra béèrè lọ́wọ́ Àwẹ̀ró pé, ní gbogbo ìgbà tó fi wà nísàlẹ̀, ṣé ó sọ̀rọ̀?

Àwẹ̀ró ní òun kò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

"Ẹnìkan sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí," ni Ìyá Pópóọlá wí. "Ohùn rẹ ni. Ó ní o ó ṣubú. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ènìyàn. Títí ìwọ fi yọ orí, ó ń sọ ọ́."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí Ìyá Pópóọlá dúró sí. Koríko ibẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀ ní ojú kan, bí ibi tí nǹkan kan ti jókòó pẹ́. Bí wọ́n ṣe ń wò ó lọ, òjò kún sí i, koríko náà sì rọra dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹfúnwùnmí ló wá sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi. "Méjì ló bá ọmọ mi wá síbí lónìí," ó wí. "Èyí tó ní ẹnu kò lè wọ ọ̀fìn. Èyí tí kò ní ẹnu ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi."

N kò ní purọ́ fún yín pé Àwẹ̀ró kò gbọ́ ohùn náà mọ́ láyé. Ó máa ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àgàgà bí iṣẹ́ tuntun bá wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ibi tó máa ń dúró sí. Òun ló wọ ọ̀fìn fún agboolé náà títí ó fi darúgbó. Nígbà tó bá sì mú ọmọdébìnrin kan wá síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ẹ̀rù bá ba ọmọ náà, kì í pàṣẹ fún un, kì í bá a jà. Yóò yí i kó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, yóò ní kó wo ìsàlẹ̀ kó sì sọ ẹni tó rí níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà wa ti gbà á, tí wọ́n sì ń pa á lówe títí di òní pé: òjìji kì í bẹ̀rù ọ̀fìn.